Olódò Kì Í Ṣe Olódo

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò ni ó fa àròkọ wa ti òní. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan jókòó lẹ́yìn wa bí a ti ń jáde kúrò ní Ìbàdàn ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìwó. Ọ̀kan nínú wọn bi ọmọ tuntun kan léèrè ibi tí ó ń gbé. Ọmọ náà dáhùn pé, "Olódò ni." Kíá ni ẹlòmíràn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé, "Abájọ! Olódo ọmọ Olódò!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín kí a tó mọ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Olódò ni ibi tí ó ní odò. Olódo ni ẹni tí ó gba òdo nínú ìdánwò. Ohùn tí a fi parí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí ó fi ohùn ṣe eré yìí kì í ṣe aláìgbọ́n, a kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín parí, a rí i pé ọmọ tuntun náà ti yí ojú sí fèrèsé, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Èyí ni ó mú wa ronú. Ó ti pẹ́ tí ará ìlú ti ń fi ará oko ṣe ẹlẹ́yà. Bí ènìyàn kò bá mọ aṣọ wọ̀, a ó ní ará oko ni. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé wa, a ó ní èdè oko ni ó ń sọ. Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé a ó padà lọ sí Olódò ní ọjọ́ mìíràn, kí a sì rìn wọ àwọn abúlé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, láti wo bí àwọn tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ti ń gbé, àti irú èdè tí wọ́n ń sọ. Ohun tí a rí ni a fẹ́ ròyìn fún yín.

Olódò wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ìbàdàn, ní abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá tí a yọ lára Lágelú ní 1989. Bí a bá tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà kan náà, a ó dé Ìyànà Ọ̀fà, a ó sì dé Lálúpọn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ibẹ̀ jìnnà bí a bá fi máìlì wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó jẹun òwúrọ̀ ní Ìbàdàn kí ó tó wọ ọkọ̀ yóò débẹ̀ kí ebi tó tún pa á. Ṣùgbọ́n jíjìnnà kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan. Ti ojú ń bẹ, ti etí sì ń bẹ. Nígbà tí a kúrò lójú ọ̀dà, tí a gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wọ ìgbẹ́, kò pẹ́ tí ariwo ọkọ̀ fi dákẹ́, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí etí wa kò gbọ́ láti ìgbà tí àwọn ìyá àgbà wa ti kú.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a rán ara wa létí pé àwọn ará abúlé wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí ará Ìbàdàn. Láti nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun ti fi Ìbàdàn ṣe ibùdó, ìlú náà ti nílò oúnjẹ púpọ̀, nítorí ogun kì í jà pẹ̀lú ebi. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀ lóko, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ ro ilẹ̀, wọ́n sì ń padà wá sílé. Báyìí ni abúlé fi yí Ìbàdàn ká láti Akínyẹlé títí dé Ọ̀nà-Àrà. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó kọjá ní ìhà Lálúpọn lọ sí Òṣogbo, ó sì dé ibẹ̀ ní 1907. Kòkó gbilẹ̀, abúlé sì ń pọ̀ sí i. Títí di òní, bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní ìhà Olódò léèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà, agboolé kan ní Ìbàdàn ni yóò dárúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abúlé ni a bí i sí, tí a sì tọ́ ọ dàgbà sí. Ilé ni ó ń lọ ṣe Iléyá tàbí Kérésìmesì; ọ̀pọ̀ sì ni a ń gbé òkú wọn lọ sin sílé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ará oko ní òmùgọ̀, ọmọ baba rẹ̀ ni ó ń bú.

Bàbá àgbẹ̀ kan ni ó gbà wá lálejò. A dọ̀bálẹ̀, a kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa ni ẹ dé?" A sọ fún un pé a fẹ́ bá a lọ sí oko. Ó wo bàtà wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Oko etílé ni bàtà yìí lè dé o. Bí ó bá jẹ́ ti ẹgàn ni, ẹ ó bọ́ ọ gbé lọ́wọ́." A kò tíì kúrò lójúde tí ó ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kìíní. Oko etílé ni èyí tí ó sún mọ́ ilé, tí a ń ro lọ́dọọdún. Ẹgàn ni igbó ńlá tí àdá kò tíì kàn. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí odò tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa tí a ti pe gbogbo rẹ̀ ní "oko" láti ọjọ́ tí a ti dáyé, a dákẹ́.

Nígbà tí a dé oko, a fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí kò yẹ. Bàbá ké sí wa pé, "Ẹ má tẹ ebè! Ẹ gba poro." Òkìtì tí a kọ fún iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ ni ebè, poro ni àlàfo tí ó wà láàrin ebè kan àti èkejì, tí àgbẹ̀ ń gbà kọjá, tí omi òjò náà sì ń gbà. A bi í léèrè bí oko náà ti tóbi tó. Ó ní, "Igba ebè mẹ́ta ni." Kò fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n, kò sì sọ̀rọ̀ nípa éékà. Igba ni òpó ìkà oko: igba méjì ni irínwó, igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá. Ẹni tí ó bá kọ igba ebè láàrọ̀ mọ iye iṣẹ́ tí òun ṣe, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ sì mọ iye owó tí yóò san. Ọmọ tí ó bá dàgbà nínú ìkà yìí ti kọ́ ìṣirò kí ó tó mọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò ti rí i pé ìkà oko àti ìkà owó kò yàtọ̀ nígbà kan rí. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ìlọ́po ẹgbàá kọ́, bí kò ṣe ẹgbàá kan lọ́nà mẹ́wàá: 20,000 owó ẹyọ nínú àpò kan. Nígbà tí owó ẹyọ kọjá lọ, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ó di orúkọ ṣílè márùn-ún. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí ní 1968 àti 1969, tí Àkànrán sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìtẹ́ ìjà náà, ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san. Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ń wí. Gbogbo abúlé sì gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ mílíọ̀nù kan lónìí láì yá ọ̀rọ̀, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni a ó sọ. Àpò owó ẹyọ àwọn bàbá wa ṣì ń gbé owó tiwa.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tu èpò, ó sì ń dárúkọ wọn bí ẹni ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ìmí-eṣú nìyí. Èkan nìyí, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò mọ ikú. Patanmọ́ nìyí, tí í pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó dé orí ewéko gíga kan tí ó gba ẹ̀bá oko kan, ó ní, "Èyí ni Akíntọ́lá." A rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ̀ pé olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1959 sí 1966 ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti ṣẹ̀. Ó wọ ilẹ̀ wa kí a tó gba òmìnira, ó sì tàn kálẹ̀ kíákíá. Àwọn àgbẹ̀ ibòmíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀, olúkúlùkù sì mọ ìdí tí òun fi yan èyí tí ó yàn! Ẹ ṣàkíyèsí èyí, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àwọn tí à ń pè ní òpè yìí rí ohun àjèjì lóko, wọn kò dúró de ọ̀jọ̀gbọ́n kankan; wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ àwọn ẹ̀yà ẹ̀gẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí I.I.T.A. tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń lò ṣì ń jẹ́ orúkọ tí àgbẹ̀ fún un, Ọkọ-Ìyàwó.

Àwọn ará abúlé kì í wo agogo kí wọ́n tó mọ ìgbà. Ìdájí ń bẹ, àfẹ̀mọ́júmọ́ ń bẹ, kùtùkùtù ń bẹ. Ìyálẹ̀ta ni ìgbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ọ̀sán gangan ni ìgbà tí òjìji ènìyàn bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àṣálẹ́ sì ni ìgbà tí adìẹ bá wọlé. Òjò pàápàá ní orúkọ: àkọ́rọ̀ ni ó ń ṣí ilẹ̀, àrọ̀kúrò ni ó ń ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọyẹ́ yóò dé. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ, àáró ń bẹ: àwọn ẹgbẹ́ a bá ọ ro tìrẹ lónìí, ìwọ náà a bá wọn ro tiwọn lọ́la, títí yóò fi kárí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin oníṣòwò ti ń dá àjọ. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró: ẹni tí ó bẹ̀ ọ̀wẹ̀ yóò se oúnjẹ, a kò sì ní san án padà ní ebè. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin àáró àti ọ̀wẹ̀ yóò jẹ gbèsè láìmọ̀.

Ní ọ̀sán, a bá àwọn obìnrin ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì. A kí wọn, wọ́n sì fún wa ní àpótí láti jókòó. Ìyá àgbà kan ni olórí wọn. Iṣẹ́ wọn ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a rin ín; wọn a dì í sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè jáde, wọn a sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan. Nígbà náà ni wọn yóò fi ajọ̀ kù ú, kí wọ́n tó yan án nínú agbada. A bi Ìyá léèrè ìdí tí wọn kò fi yan án ní ọjọ́ kan náà kí owó lè tètè dé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ó kan ni ó fi ń jẹ́ gàárì. Èyí tí kò kan tó, inú ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni yóò máa ròyìn rẹ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ sọ pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, àti pé rínrin, fífi sílẹ̀ kí ó kan àti yíyan ni ó ń lé e jáde. Ìyá kò kà á nínú ìwé. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "kan", ni ìkìlọ̀ náà wà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sọnù, ìkìlọ̀ náà yóò bá a lọ.

Gàárì náà ń lọ sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, irú èyí tí ó yí Ìbàdàn ká, tí ọ̀kan ń ná lónìí, tí òmíràn ń ná lọ́la. Ẹni tí ó bá fi kàlẹ́ńdà ṣe ìṣirò yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ni, nítorí bí a bá ná ọjà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a ó tún ná an. Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, márùn-ún gééré. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́ wà: ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Ìyá àgbà, tí í ṣe onígbàgbọ́, kì í bọ ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀ ó mọ ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí fún oṣù tí ń bọ̀ láì wo ìwé.

Bí a ti ń padà bọ̀, etí wa kún fún ìkíni. Wọ́n kí àgbẹ̀ pé, "Àroko-bọ́dún-dé o!" Wọ́n kí obìnrin tí ó ń dirun pé, "Ojú gbooro o!" Wọ́n kí ọlọ́jà pé kí ajé wọ igbá. Ní ìgboro, "Ẹ kú iṣẹ́" ni a fi ń kí gbogbo wọn, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ayé ń ṣe.

Nísinsìnyí ni a dé orí ohun tí ó mú wa kọ àròkọ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ-ọmọ Bàbá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó sì bá wa ní etí oko. Ọmọ tí ó mọ̀wé ni, ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Bàbá rán an pé kí ó mú àdá wá ní òpin poro kẹta. Ọmọ náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gba orí ebè kọjá. A rò pé Bàbá yóò bínú. Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ yìí kò kọ èdè o. Kò rí ohun tí yóò fi èdè pè ni." Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ oko. Ní ibẹ̀, òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ dúró ní ẹsẹẹsẹ. Ẹbí ti ta ibẹ̀. Ilé ni a ó kọ́ sí i.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti gbọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé ìgbéraga ni ó ń pa èdè, pé àwọn òbí ni kò fẹ́ kí ọmọ wọn sọ Yorùbá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ní ìhà Olódò yàtọ̀. Ọmọ yìí ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ̀ ọ́ fún un. Síbẹ̀ poro ti kú lẹ́nu rẹ̀, ọ̀wẹ̀ ti kú, àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ń kú lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í gbé orí ahọ́n nìkan. Inú iṣẹ́ ni ó ń gbé. Nígbà tí iṣẹ́ bá ṣí kúrò, ọ̀rọ̀ a ṣí tẹ̀lé e, láìsí ẹni tí ó lé e.

Iṣẹ́ sì ń ṣí lóòótọ́. Ní 1944 ni a rí àrùn tí ń wú ẹ̀ka kòkó ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn; lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba gé ọ̀pọ̀ igi kòkó lulẹ̀ ní oko àwọn ará Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì bínú. Lónìí, kì í ṣe àrùn ni ó ń jẹ oko bí kò ṣe ilé. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ti Èkó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, Mọ́níyà ní Akínyẹlé sì ni ibùdókọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí ìjọba ń là yí Ìbàdàn ká gba ìhà Badékù ní Ọ̀nà-Àrà. A kò kórìíra ìdàgbàsókè. Àwa náà ń wọ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ta ilẹ̀ yẹ kí ó mọ gbogbo ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ tí ó ń tà.

Ẹnìkan lè sọ pé, Yorùbá tóbi, àwọn tí ń sọ ọ́ lé ní ogójì mílíọ̀nù, kí ni a ń bẹ̀rù? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn èdè kéékèèké tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nítorí ohun tí yóò bá erin á kọ́kọ́ kan èkúté. Ní Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èdè kan wà tí a ń pè ní Ìkàán, tí àwọn ará Ìkákùmọ̀ ń sọ. Kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Èdè ọ̀tọ̀ ni, ìwọ̀nba ìlú díẹ̀ ni ó sì ní i. Ọ̀mọ̀wé Sophie Salffner, onímọ̀ èdè, lọ bá wọn gbé láti kọ èdè náà sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó fi ọ̀kan nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ dá lé lórí: oko ríro, oúnjẹ àti iṣu. Ó mọ̀ pé bí a bá fẹ́ rí èdè mú, a kì í dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oko ni a ń bá a lọ. Àwọn onímọ̀ kà á pé èdè ayé tó nǹkan bí 7,000, ó lé ní 500 ní Nàìjíríà nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì wà nínú ewu. Nítorí èyí ni Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ṣe ya ọdún 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún èdè àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ha lè gbà wá? Ó lè ràn wá lọ́wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ kan gbé kalẹ̀, ó lè fi èkejì gbé e kúrò. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a ṣe.

A kò sọ pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni padà sí ìdí ọkọ́ ní tipátipá. Iṣẹ́ oko le. Àwọn tí ń ṣe é kò rí ọ̀nà tí ó dára, owó ọjà kì í sì í tó làálàá wọn. Bàbá fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé òun kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun ro oko. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ó mọ orúkọ ohun tí ó bọ́ baba rẹ̀. Èyí kò pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó bá ní òbí tàbí ìbátan lóko, kí ó lọ kí wọn kí àrọ̀kúrò tó rọ̀. Kí ó mú fóònù rẹ̀ dání, kì í ṣe fún àwòrán nìkan. Kí ó bá wọn rìn láti ẹnu ọ̀nà oko dé òpin rẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ohun gbogbo bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní abúlé, ẹ fi ebè kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Oko wà lẹ́yìn kíláàsì yín. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá lọ ra ẹrù ní ọjà oko, ẹ bèèrè orúkọ ẹ̀yà iṣu tí ẹ ń rà, bóyá ewùrà ni, bóyá ẹ̀sùrú ni, kí ẹ sì fi orúkọ náà tà á ní ìlú. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó bá àwọn bàbá wa jókòó, tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995, ó sì kó orúkọ àìlóǹkà ewé Yorùbá sínú rẹ̀. Bí àlejò bá lè ṣe èyí, ọmọ onílé kò ní àwáwí.

Nígbà tí a padà dé ojú ọ̀dà ní Olódò, ilẹ̀ ti ń ṣú. A rántí ọmọ inú ọkọ̀ yẹn. Bí a bá tún pàdé rẹ̀, tí wọ́n sì tún pè é ní olódo, a ó sọ fún un pé kí ó má wo fèrèsé mọ́. Kí ó bi àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín pé kí ni à ń pe ọ̀nà tí ó wà láàrin ebè méjì. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí òun náà má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ó sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè sọ ọ́, ẹnìkan ní láti ti sọ fún un nílé. Àwa àgbà ni ìdánwò yẹn dé bá, ẹ má jẹ́ kí a gba òdo.